Ohun Tí Ọmọ Wa Fẹ́ Dá Sílẹ̀ Lọ́la: Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Rẹ̀?

Ẹni tí ó bá wọ bàálù láti Èkó tàbí láti Àbújá lọ sí Port Harcourt, Omagwa ni ó sábà máa ń ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ìlú àwọn Ikwerre ni Omagwa, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, orí ilẹ̀ rẹ̀ sì ni pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá ti Port Harcourt wà. Ọmọdé tí ó bá ń gbé ní àgbègbè náà kò lè ka iye bàálù tí ó ti rí. Bí olùkọ́ bá wá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ronú kan ohun àrà kan tí kò tí ì sí láyé, tí òun lè dá sílẹ̀ ní ọjọ́ iwájú, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ó bá ti ibi ọ̀rọ̀ bàálù bẹ̀rẹ̀. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ni ó ka á sí eré ọmọdé. Àwa kò gbà pé eré ni.

Ìdíje náà kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 yóò rántí ẹgbẹ́ tí a ń pè ní JETS, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń so wáyà mọ́ bátìrì, tí ilé ẹ̀kọ́ kan sì ń bá òmíràn díje. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdíje kan tí ó jọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, ExploraVision ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Toshiba àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e kalẹ̀. Ọmọ méjì sí mẹ́rin ni yóò para pọ̀. Wọn yóò mú ohun èlò kan tí aráyé ń lò, wọn yóò sì ro bí yóò ti rí ní ọ̀pọ̀ ọdún sí ìsinsìnyí. A kò ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ kankan jáde. Ìwé ni wọn yóò kọ, wọn yóò sì ya àwòrán, kí àwọn onídàájọ́ lè mọ bí èrò wọn ti jinlẹ̀ tó.

Ohun tí ó wú wa lórí jù nínú ìdíje yìí ni àwọn ìbéèrè tí ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn. Mẹ́fà ni wọ́n. Èkíní, báwo ni ohun èlò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí? Èkejì, báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ta ni ó sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí? Ẹ̀kẹta, kí ni ẹ fẹ́ kí ó dà lọ́la? Ẹ̀kẹrin, ìmọ̀ wo ni aráyé kò tí ì ní, tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá rí kí èyí tó lè ṣeé ṣe? Ẹ̀karùn-ún, àwọn ọ̀nà mìíràn wo ni ẹ ti rò tí ẹ sì kọ̀ sílẹ̀, kí ni ó sì dé tí ẹ fi kọ̀ wọ́n? Ẹ̀kẹfà, oore wo ni yóò ṣe fún ènìyàn, ewu wo ni ó sì lè mú wá? Àgbàlagbà mélòó ni ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́fà yìí kí ó tó dáwọ́ lé iṣẹ́? Síbẹ̀, ìbéèrè keje kan wà tí a fẹ́ kí ọmọ wa máa fi kún un, Omagwa ni a sì ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 2005, bàálù iléeṣẹ́ Air France kan ń balẹ̀ ní Omagwa nígbà tí ó kọlu agbo màlúù ní ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà sáré. Màlúù kú, bàálù bàjẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ àwọn èrò inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tí ó fi di ẹkún. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún kan náà, bàálù iléeṣẹ́ Sosoliso tí ó ń bọ̀ láti Àbújá já lulẹ̀ ní pápá yìí kan náà. Ènìyàn 110 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn 108 ni ó kú, ẹni méjì péré ni ó yè é. Nínú àwọn tí ó kú ni ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College ti Àbújá, tí wọ́n ń bọ̀ wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ọgọ́ta ọmọ, láti ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Òbí tí ó lọ pàdé ọmọ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, òkú ni ó gbé bọ̀ wálé.

Nígbà tí àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní orílẹ̀-èdè wa parí iṣẹ́, ó sọ pé ohun tí ó fa ìjàǹbá náà ni pé àwọn awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ kọjá ibi gíga tí ó yẹ kí wọ́n ti padà sókè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tí ì fi ojú rí ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí. Ó ní ojú ọjọ́ burú, afẹ́fẹ́ ń yí padà lójijì, àwọn awakọ̀ sì pẹ́ kí wọ́n tó pinnu láti gbéra padà. Ìjábọ̀ náà kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un pé àwọn iná pápá náà kò sí ní títàn, èyí tí ó lè jẹ́ kí ó ṣòro fún awakọ̀ láti rí ojú ọ̀nà. Ó tún ní bàálù náà kọlu gọ́tà oníkọnkéré kan tí wọn kò bo mọ́lẹ̀, èyí ni ó sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tí iná fi sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Iná tí ń fi ojú ọ̀nà han awakọ̀ òfurufú, wọ́n ti ń lò ó láyé kí a tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ọgbà tí kò ní jẹ́ kí ẹran wọlé, àwọn baba ńlá wa ti ń fi igi àti okùn ṣe é. Ìdérí kòtò àgbàrá, bíríkìlà àdúgbò lè ṣe é ní ọjọ́ kan. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ń dúró de ẹni tí yóò ronú kàn án. A ti ronú kàn án, a ti rà á tàbí kí a ti mọ bí a ti ń ṣe é. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò tan iná nígbà tí ó yẹ, ẹni tí yóò wo ọgbà yíká ní òròòwúrọ̀, àti ẹni tí yóò sọ pé kòtò yìí kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé ìbéèrè keje tí ọmọ wa gbọ́dọ̀ dáhùn nínú ìdíje ni èyí: lẹ́yìn tí o bá ti dá a sílẹ̀ tán, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

A kò sọ èyí láti tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ń ronú jinlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ìjábọ̀ náà mẹ́nu bà, ẹnì kan ni ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tú àṣírí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni, Tetsuya Fujita ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ó lọ sí ìlú Nagasaki láti wo ọṣẹ́ tí bọ́ǹbù átọ́mù ṣe níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí bí àwọn igi ti ṣubú: gbogbo wọn da orí kọ ìta láti àárín kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá da omi lulẹ̀ tí ó sì tàn káàkiri. Ó fi èyí pamọ́ sí ọkàn rẹ̀. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fásitì Chicago, ó rí i láti inú bàálù pé àwọn igi tí ìjì wó ní Amẹ́ríkà ṣubú ní irú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí bàálù kan já ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 1975, tí ó pa ènìyàn tí ó ju 110 lọ, Fujita ni ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ líle kan lè já ṣòòròṣò láti inú ìkùukùu, kí ó dé ilẹ̀, kí ó sì tú ká, kí ó sì gbá bàálù tí ń balẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni wọ́n wá rí i pé òótọ́ ni, tí wọ́n sì ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀.

Ẹ rí i pé nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí ni èrò Fujita ti wá. Ẹni tí ó bá la ojú sílẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ kò ní ṣaláì rí ohun tí yóò rò. Bí ọmọ kan ní Omagwa bá fẹ́ kópa nínú irú ìdíje yìí, kò ní láti fò lọ sí inú òṣùpá. Ó lè ro iná pápá bàálù tí yóò máa gba agbára láti ara oòrùn, tí yóò sì fi ìró ránṣẹ́ sí ọ̀gá iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá kú. Ó lè ro ọgbà tí yóò mọ̀ bí màlúù bá ti fi ara kàn án. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá kọ èyí tán, kí ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ bi í pé: bí ìró náà bá dún ní òru, ta ni yóò gbọ́? Bí ẹni náà bá gbọ́, ṣé gílóòbù mìíràn wà ní ilé ìṣúra? Bí kò bá sí, ta ni ó ní àṣẹ láti rà á? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí ti ń ronú bí onímọ̀ ẹ̀rọ tòótọ́.

A ní àpẹẹrẹ nílé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ní ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí a ń pè ní Maker Faire Africa ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 14 sí 15 lọ gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan jáde tí ó ń lo ìtọ̀ ènìyàn. Wọ́n ń da ìtọ̀ sínú àpótí kan tí iná bátìrì ti ń ya gáàsì háídírójìn kúrò lára rẹ̀. Wọn yóò fi omi fọ gáàsì náà, wọn yóò fa ọ̀rinrin ara rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n sọ pé lítà ìtọ̀ kan yóò fún ènìyàn ní iná fún wákàtí mẹ́fà. Ìròyìn wọn kárí ayé. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n ní ìbéèrè: iná tí a fi ń ya gáàsì náà sọ́tọ̀ ńkọ́, ǹjẹ́ kò pọ̀ ju èyí tí jẹnẹrétọ̀ yóò mú wá lọ? Gáàsì tí ó lè bú gbàmù ńkọ́? Ìbéèrè tòótọ́ ni, nítorí pé agbára kì í ti inú òfo wá. Ẹni tí ó náwó kí ó tó rí owó gbọ́dọ̀ ka iye tí ó ná mọ́ ọn.

Àwọn kan fi ìbéèrè wọ̀nyí ṣe àwọn ọmọ náà yẹ̀yẹ́. Àṣìṣe gbáà ni. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Fásitì Ohio ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009 ti fi hàn pé iná tí a nílò láti ya háídírójìn kúrò lára èròjà inú ìtọ̀ kéré sí èyí tí a nílò fún omi lásán. Nítorí náà, ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà aṣiwèrè. Ó kù kí wọ́n máa bá a lọ ni. Ìjàkadì pẹ̀lú ìbéèrè líle ni ó sọ èrò ọmọdé di iṣẹ́ àgbà. Ọmọ tí a yìn láìbi í léèrè, a kò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí a fi ṣe ẹlẹ́yà, a ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti Regina Pacis ní Onitsha gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé Technovation ní California. Wọ́n ṣe ètò kan fún fóònù tí yóò máa wo àmì onílà wẹ́wẹ́ tí ó wà lára páálí oògùn, kí ẹni tí ó ra oògùn lè mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Wọ́n ta àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, Spain, Turkey àti China yọ. Ìṣòro tí ó ń pa ènìyàn lẹ́bàá ilé wọn ni wọ́n mú. Àjọ NAFDAC pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní ọdún 2010, nínú èyí tí ẹni tí ó ra oògùn yóò họ ara páálí, tí yóò sì fi nọ́ńbà tí ó bá rí ránṣẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ní ibi gbogbo tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wà, ìbéèrè keje kò yí padà. Ta ni yóò máa kọ oògùn tuntun sínú àkọsílẹ̀? Ta ni yóò lọ kó ayédèrú kúrò lórí àtẹ lẹ́yìn tí fóònù bá ti sọ̀rọ̀?

Ó kan ẹ̀yin òbí. Ọ̀pọ̀ yín ni yóò sọ pé, “Èmi kò ka ìwé tó bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì?” Ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbéèrè méjèèje tí a kà sílẹ̀ yìí, èdè Yorùbá ni a fi bèèrè wọn, èdè Yorùbá náà ni a sì lè fi dáhùn wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé kì í dí i lọ́wọ́ láti ronú, òun gan-an ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí ronú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ tún ní àǹfààní kan tí ẹ kò kà sí. Ọmọ tí a tọ́ láàárín ẹ̀yà mìíràn a máa fi ojú méjì wo ohun gbogbo. Ó mọ bí wọ́n ti ń ṣe nǹkan nílé baba rẹ̀, ó sì mọ bí àwọn onílé rẹ̀ ti ń ṣe é. Nígbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí bo Port Harcourt ní ìparí ọdún 2016, tí ó ń rọ̀ sórí aṣọ àti sínú omi, kò bèèrè ẹ̀yà kí ó tó wọ imú ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín jókòó pẹ̀lú ọmọ Ikwerre, ọmọ Kalabari àti ọmọ Ogoni, kí wọ́n jọ ro bí a ti lè sẹ́ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì sí mẹ́rin ni ìdíje ń fẹ́. Kò sọ pé kí wọ́n jẹ́ ọmọ baba kan náà. Bí lẹ́tà ìdíje bá sì dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe fi di ẹ̀pà. Ẹ má sì bá ọmọ kọ ọ́, nítorí pé onídàájọ́ mọ ohùn àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Iṣẹ́ tiyín ni láti bèèrè, kí ẹ sì fi sùúrù gbọ́ èsì.

Omagwa kò wà bí ó ti wà ní ọdún 2005 mọ́. Wọ́n ti pápá náà pa fún àtúnṣe ní ọdún 2006, wọ́n sì tún un ṣí ní ìparí ọdún 2007. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, àwọn arìnrìn-àjò kan dìbò pé òun ni ó burú jù lọ láyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ilé tuntun fún àwọn tí ń lọ sí òkè òkun níbẹ̀. Ní Mbodo-Aluu, tí kò jìnnà sí pápá náà, àwọn àlùfáà Jesuit dá ilé ẹ̀kọ́ girama kan sílẹ̀ ní ọdún 2013 ní ìrántí àwọn ọgọ́ta ọmọ tí ó kú. Jesuit Memorial College ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ tí ń kàwé níbẹ̀ lónìí, àwọn kan nínú wọn yóò di awakọ̀ òfurufú, àwọn kan yóò di ẹni tí ń dá ohun tuntun sílẹ̀. A gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú wọn pẹ̀lú, àti nínú àwọn ọmọ tiyín, kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ẹni tí yóò dìde ní ọ̀sán tí òjò ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tí yóò sì lọ tan iná.